Alárenà Orin ní Àgùdà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ta ni ẹ rí rí láyé yín, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí irun orí rẹ̀ ti funfun bí òwú, tó dìde lórí àga rẹ̀, tó mú ọ̀pá ìtilẹ̀, tó sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé kó lè gba gbólóhùn kan ṣoṣo tó ti ẹnu rẹ̀ jáde padà? Àwọn àgbà ló sọ fún wa pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun tí wọn kò sọ fún wa ni iṣẹ́ tó kù fún ẹni tó jù ú sílẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi ló kọ́ mi ní ìyókù òwe náà. Àgùdà ni wọ́n ti kọ́ mi, ní apá ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí irun orí àwọn ọ̀dọ́ Surulérè ga ju fìlà àwọn baba wọn lọ.

Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Àwa ọmọ-ọmọ wọn ń pè wọ́n ní Màmá Àgbà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìwé àti orin ní ilé-ìwé ìjọ kan ní Yábàá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá pàdé wọn lóde, tó rí gèlè wọn tí kì í wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àti ìwé orin tí wọ́n há sí abíyá, yóò rò pé orin ìjọ nìkan ni wọ́n mọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí Màmá Àgbà fi ọjọ́ ogbó wọn ṣe ni kí wọ́n máa fi rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun lọ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn nínú ìfẹ́ orin. Orin rọ́ọ̀kì ni mo ń wí, orin gìtá oníná tí ń ké, tí ìlù rẹ̀ ń wó bí igi dá. Èyí tó ti òkè òkun wá, àti èyí tí àwọn ọmọ tiwa ń fi èdè tiwa kọ ní Mushin àti ní Surulérè.

Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ náà kò dàgbà tó àbíkẹ́yìn wọn. Ní ọ̀sán Sátidé kọ̀ọ̀kan, àwọn bíi méjìlá máa ń pé jọ sí pálọ̀ wa, pẹ̀lú ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ ń gbálẹ̀. Wọn a bọ́ bàtà gàràǹtí gíga wọn sẹ́nu ọ̀nà, wọn a tò ó ní méjì méjì bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Màmá a jókòó nídìí giramofóònù wọn. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ rẹ̀ àyàfi Màmá fúnra wọn.

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ni wọ́n ka ara wọn sí nínú gbogbo eléyìí. Wọn kò ní olùkọ́, wọn kò sì ní adájọ́. Wọ́n ní alárenà ni àwọn. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó mi mọ iṣẹ́ alárenà, láyé ìgbà tí ọmọkùnrin kì í dédé dá ọmọbìnrin dúró lójú pópó. Òun ló ń wádìí ilé, òun ló ń bójú wo àrùn ìdílé, òun ló sì ń sọ fún ẹbí ọ̀tún ohun tí ẹbí òsì kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ. Bí ọmọbìnrin bá máa ń tètè bínú, alárenà gbọ́dọ̀ wí. Bí ọmọkùnrin bá ń mu ẹmu jù, alárenà gbọ́dọ̀ wí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Màmá ń fi orin fún ènìyàn. Wọn a kọ́kọ́ bi ọ́ bí o ṣe sùn, bí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò bá bú ọ, àti bí o bá ti jẹun. Nígbà náà ni wọ́n á tó na ọwọ́ sí àpótí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, wá tọrọ rẹ́kọ́ọ̀dù kan tí gbogbo ìlú ń pariwo. Màmá kọ̀ jálẹ̀.

“Orin yẹn dára,” ni wọ́n wí, “ṣùgbọ́n ẹkún ló kún inú rẹ̀. Ṣé o fẹ́ pa iná ni, àbí o fẹ́ bu omi kún odò? Gba èyí. Aláfojúdi ni onílù rẹ̀. Á mú ọ bínú. Ìbínú ló yẹ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí.”

Ní Sátidé kejì, ọmọkùnrin náà dé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó sì fẹ́ máa rọ òjò ọpẹ́. Màmá kò jẹ́ kó parí rẹ̀. “Bí ìyàwó bá ti mojú ọkọ tán,” ni wọ́n wí, “alárenà a yẹ̀bá. Máa lọ gbọ́ orin rẹ.”

Òfin kan wà ní pálọ̀ náà tó le ju òfin ilé-ìwé wọn àtijọ́ lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé orin dùn. Nínú páálí rẹ́kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ni Màmá fi ewé kan tí wọ́n ya nínú ìwé ìkọ̀wé sí. Ẹni tó bá gbọ́ orin náà gbọ́dọ̀ kọ gbólóhùn kan síbẹ̀, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ìdí rẹ̀: ta ló yẹ kó gbọ́ ọ, ìgbà wo ló yẹ kó gbọ́ ọ, kí sì ni àbùkù rẹ̀. Mo ṣì rántí èyí tí ọ̀kan nínú wọn kọ: “Fún ẹni tó ń fọ aṣọ púpọ̀ láàárọ̀, ojú kejì rẹ́kọ́ọ̀dù yìí gùn ju aṣọ lọ.” Màmá fẹ́ràn gbólóhùn yẹn dé ibi pé wọ́n kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fẹ́mi, tó yẹ kó mọ̀ ju ìyẹn lọ, kọ ọ́ pé “Ó dùn gan-an ni,” Màmá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n sì tẹjú mọ́ ọn.

“Oyin dùn,” ni wọ́n wí. “Ìrèké dùn. Oorun àárọ̀ kùtù dùn. Èwo ni kí n mú nínú wọn, Fẹ́mi?”

Wọn kì í sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú kìn-ín-ní. Bí rẹ́kọ́ọ̀dù bá jẹ́ tuntun tí kò tíì ní ìlà kankan lára, ojú kejì ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé sókè. Àwọn àlejò tuntun a máa rò pé ojú Màmá ló ṣe bàìbàì. “Ojú kìn-ín-ní ni aṣọ tí wọ́n wọ̀ wá sóde,” ni Màmá á wí fún wọn. “Ẹ jẹ́ ká yọjú sí ẹ̀yìnkùlé wọn ná.”

Fẹ́mi tí mo dárúkọ yìí ni gbogbo rẹ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ni ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, òun ló sì háyà yàrá orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ilé tí àwa ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, bí a ti ti ìsìn dé, orin rẹ̀ ń mi àjà lórí wa. Ìyá mi ní kí n lọ bá a wí. Màmá Àgbà ní kí n jókòó, àwọn ni wọ́n máa lọ. Mo tẹ̀lé wọn nítorí àtẹ̀gùn náà ga. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gùn ún dókè, ọ̀pá wọn ń dún lórí pákó. Nígbà tí Fẹ́mi ṣílẹ̀kùn tó rí ẹni tó dúró níbẹ̀, ó na gbalaja sílẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá! Mo ti ń pa á. Mo ti ń pa á báyìí.”

“Ta ló ní kí o pa á?” Màmá ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. “Ibì kan wà níbẹ̀ tí ìlù dákẹ́, tí gìtá nìkan wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Dá a padà síbẹ̀. Ọ̀pá mi ń dún lórí àtẹ̀gùn, mi ò gbọ́ ọ tán.”

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Màmá Ẹ̀bùn, ọ̀rẹ́ wọn láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà ní kíláàsì kékeré, dé lọ́jọ́ kan, wọn kò tilẹ̀ gba omi tí mo gbé fún wọn.

“Tíṣà, orin àwọn amugbó lo ń kó ọmọ ọlọ́mọ jọ fún!”

“Wọn kò mugbó ní pálọ̀ mi. Àkàrà ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ jù.”

“Orin kọ́ nìyẹn. Igbe ni!”

Màmá fi sùúrù bi wọ́n bí ẹni tó ń bi ọmọ kíláàsì léèrè. “Ẹ̀bùn, nígbà tí wọ́n gbé dùùrù wọ ilé ìsìn wa nílé, èmi àti ìwọ jọ wà níbẹ̀ lọ́mọdé. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tó dún, kí ni baba rẹ wí?”

Màmá Ẹ̀bùn yíjú sí ògiri.

“Wí i kí ọmọ yìí gbọ́.”

“Wọ́n ní…” ni Màmá Ẹ̀bùn wí, ẹ̀rín sì ti ń fa ẹnu wọn, “wọ́n ní ẹranko wo ni àwọn òyìnbó dè mọ́nú àpótí.”

Síbẹ̀ ìjà náà gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tán, nítorí àwọn méjèèjì jẹ́ abarapá nínú ìgbéraga. Màmá Ẹ̀bùn ló padà wá, wọ́n ní kí Màmá fi èyí tí kò pariwo púpọ̀ han àwọn. Màmá gbé e sórí ẹ̀rọ láìṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n wí ni pé, “Ariwo àná náà ló di orin ìjọ lónìí.”

Bí mo bá sọ pé Màmá Àgbà kò ní àbùkù, mo ti rú òfin pálọ̀ wọn. Àbùkù wọn ni pé bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Èkejì ni ahun, àfi kí n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Giramofóònù wọn kì í lo iná mànàmáná. Bátìrì ńláńlá mẹ́fà ló ń gbé e yí. Bí agbára àwọn bátìrì náà bá ti ń dín kù, Màmá kì í tètè ra òmíràn. Wọn a tò wọ́n sórí ògiri ọgbà ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kí òòrùn lè pa wọ́n, bí gbogbo wa ti ń ṣe nígbà náà. Bí òòrùn bá ti mú wọn gbóná dáadáa, ẹ̀mí wọn á sọjí fún ìgbà díẹ̀. Bí Fẹ́mi bá ní òun á ra tuntun wá láti ẹnu iṣẹ́, wọn a ju ọwọ́. “Òòrùn kì í gbowó,” ni wọ́n máa ń wí, pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tó rí ẹ̀bùn gbà láìjẹ́ pé ó tọrọ.

Ọ̀rọ̀ bátìrì yìí ló gbé Múfú wọ inú ìtàn.

Ọmọ Mushin ni Múfú, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló dá ẹgbẹ́ orin rọ́ọ̀kì kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Iná Orí Omi. Òun ló ń ta gìtá, òun náà ló ń kọrin. Nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá àkọ́kọ́ wọn jáde, ó fúnra rẹ̀ gbé ọ̀kan wá sí pálọ̀ wa ní Sátidé kan. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì nígbà tó ń gbé e lé Màmá lọ́wọ́, kò sì fi ohun kan pa mọ́.

“Màmá, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní bí ṣọ́ọ̀bù Yábàá bá béèrè sí i, àwọn á pè wá padà wá ṣe èkejì. Bí kò bá lọ kí Iléyá tó dé, bàbá mi ní òun á fi mí ránṣẹ́ sí àbúrò òun ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n lọ máa rán bàtà.”

Gbogbo wa mọ ohun tó ń wí. Ọ̀gbẹ́ni Láńre, tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ní Yábàá, kì í gbé rẹ́kọ́ọ̀dù rọ́ọ̀kì síwájú títí àwọn ará pálọ̀ Àgùdà yóò fi sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Òjò àrọ̀kúrò ti rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan nígbà náà. Ojú òòrùn kò là. Àwọn bátìrì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lórí ògiri ọgbà lọ́jọ́ Jímọ̀ fún bíi wákàtí kan kí òjò tún tó lé wa wọlé. Fẹ́mi rí i. “Màmá, ẹ jẹ́ kí n sáré ra tuntun,” ló wí. Màmá dá a lóhùn pé èyí tó wà níbẹ̀ kò tíì kú. Wọ́n gbé ojú kejì sókè gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n sì sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀.

Ẹ̀rọ náà yí. Ká ní kò yí rárá, ì bá sàn. Ó yí pẹ̀lú ìrọra, ó lọ́ra ní ìwọ̀n bín-ín-tín tí etí fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ìlù ń bọ̀ bí ẹni tó ru ẹrù. Gìtá ń kérora. Ohùn Múfú jáde, ó wúwo, ó lọ sílẹ̀, bí ohùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo rí i bí ọmọkùnrin náà ṣe di ọwọ́ àga mú.

“Màmá,” ló wí jẹ́jẹ́, “kò rí báyìí nígbà tí a kọ ọ́.”

Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Gbogbo ẹni tí wọ́n bá ya fọ́tò rẹ̀ ló ń sọ pé òun kọ́ nìyẹn.”

Pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín; n kò ní sẹ́ ẹ. Múfú lè tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó lè ní kí a wo ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n a tọ́ ọ dáadáa ní Mushin, kò sì lè já àgbà nírọ́ nínú ilé ara rẹ̀. Orin náà parí. Màmá mú gègé wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sí ojú ewé funfun náà: “Akọrin yìí ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. N kò ní fi í lọ ẹnikẹ́ni.” Wọ́n fọwọ́ sí i.

Àwọn méjìlá náà túká, wọ́n sì gbé gbólóhùn yẹn lọ. Kí ọjọ́ Ajé tó pé, Ọ̀gbẹ́ni Láńre ti gbé páálí rẹ́kọ́ọ̀dù Iná Orí Omi kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi parí, ó ti dá gbogbo rẹ̀ padà sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é.

Bí Màmá ṣe mọ òtítọ́ rèé. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fẹ́ yan orin tí àwọn obìnrin ìjọ máa kọ níbi Ìkórè. Rẹ́kọ́ọ̀dù orin ìjọ àtijọ́ kan wà, tí wọ́n ti fi kọ́ ọmọ láti ìgbà tí ìyá mi wà nílé-ìwé. Wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kọ ọ́ láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Ẹnu wọn àti ẹ̀rọ kò pàdé. Wọ́n dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, kò pàdé.

Ẹ mọ irin kékeré aláhọ́n méjì tí àwọn olùkọ́ orin máa ń gbá mọ́ orúnkún kí wọ́n tó mú ohùn. Irin náà kì í purọ́, kì í darúgbó, kì í sì í lo bátìrì. Màmá yọ tiwọn nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n gbá a mọ́ orúnkún, wọ́n gbé e sétí ọ̀tún, wọ́n sì dẹ etí òsì sí ẹ̀rọ. Ohùn ẹ̀rọ lọ sílẹ̀ ju ti irin lọ. Orin ìjọ náà ń wọ́ lọ bí ìgbín.

“Ẹ̀rọ yìí ń purọ́,” ni wọ́n wí. Wọ́n mi orí. “Rárá o. Èmi ni.”

Wọ́n fún mi lówó pé kí n lọ ra bátìrì tuntun mẹ́fà. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n ra tuntun kí ti àtijọ́ tó kú. Nígbà tí mo dé, rẹ́kọ́ọ̀dù Iná Orí Omi ti wà lórí itan wọn. A gbé ojú kejì sókè. Ẹ̀yin ènìyàn mi, orin náà fò jáde bí ẹyẹ tí a ṣí ilẹ̀kùn fún. Ohùn ọmọkùnrin náà ga, ó mọ́, ó ń sáré níwájú gìtá ara rẹ̀ bí ọmọ tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré. Màmá gbọ́ ojú kejì, wọ́n gbọ́ ojú kìn-ín-ní. Ìka ọwọ́ wọn kan ń bá ìlù náà lọ lórí ọ̀pá.

“Ọmọ yìí kò wọ́ ẹsẹ̀,” ni wọ́n wí nígbà tó parí. “Èmi ni mo so òkúta mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.”

Mo ní kí n lọ sọ fún àwọn méjìlá náà. Ìyá mi ní kí a ní sùúrù títí di Sátidé, wọ́n ṣáà ń bọ̀ fúnra wọn. Màmá kọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá tàbùkù ènìyàn nílé ara rẹ̀, kò tọ́ kó jókòó sínú ilé náà tún un ṣe. Wọ́n sì ní ẹnu nìkan kò tó, ẹnu ni wọ́n fi bà á jẹ́. Etí ni wọ́n máa fi tún un ṣe.

Bí a ṣe gbé giramofóònù rìn ní àárín Èkó nìyẹn. Fẹ́mi gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé ẹ̀rọ lé èjìká. Mo gbé irin ohùn àti ìyókù ẹrù. Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà. A rìn yí Àgùdà po, a wọ bọ́ọ̀sì dé Ìlúpéjú, a sọ̀ kalẹ̀, a tún rìn. Ní gbogbo ilé, nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀: ọ̀dọ́ tó ṣílẹ̀kùn á rí Màmá Tíṣà lẹ́nu ọ̀nà, á na gbalaja. “Màmá, ẹ ẹ̀ ní kí a wá ni!” Màmá á ní, “Dìde. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í gbọ́ orin dáadáa. Mo wá gba ọ̀rọ̀ mi padà ni.”

Wọn a gbá irin mọ́ orúnkún kí onílé gbọ́ ọ. Wọn a fi ẹsẹ kan orin ìjọ náà dán ẹ̀rọ wò. Nígbà náà ni wọn á tó gbé Iná Orí Omi sókè.

Ọ̀kan nínú àwọn méjìlá ni Kàmọ́rù, mẹkáníìkì tó ń gbé lẹ́bàá Ládìpọ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ni a bá a, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ gbọ́ orin náà dé ìparí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń rí. Nígbà tó yọ orí jáde, epo ọkọ̀ ti kun ojú rẹ̀. “Màmá,” ló wí, “ọkọ̀ tí kò ní epo la gùn, a wá ń bú ọ̀nà.”

Ní Sátidé, a lọ sí Yábàá. Ọ̀gbẹ́ni Láńre gbọ́ orin náà lórí ìdúró, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù náà kò sí lọ́wọ́ òun mọ́. Ó tẹ ilé-iṣẹ́ náà láago lójú wa. Ẹni tó gbé fóònù sọ pé òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn ti pinnu lórí àwọn ẹgbẹ́ tuntun, àti pé Iná Orí Omi kò sí lára àwọn tí wọ́n mú. Màmá na ọwọ́ fún fóònù. N kò gbọ́ ohun tí ẹni yẹn wí fún wọn. Ohun tí mo gbọ́ ni ti Màmá: “Ọmọ mi, èmi ni mo ṣe àṣìṣe, kì í ṣe wọn. Ṣé a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dọ̀ yín ni?” Wọ́n gbé fóònù padà síbi tí wọ́n ti mú un.

Ilé Múfú ló kẹ́yìn, ní Mushin, ní ọjọ́ Ajé. Iléyá ku ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n ti so àgbò mọ́ òpó lójúde. Bàbá rẹ̀, aránbàtà, jókòó sídìí iṣẹ́ pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu. Ó dìde, ó kí Màmá bó ṣe yẹ, ó fi àga ara rẹ̀ fún wọn. Màmá sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìdín, láìfi kún un: òjò, bátìrì, irin, ìwé tí wọ́n kọ. Wọ́n ní àwọn wá bẹ̀ ẹ́ kó dá ọmọ náà dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Baba náà yọ ìṣó kúrò lẹ́nu. “Màmá, èmi ò mọ orin,” ló wí. “N kò tilẹ̀ tíì gbọ́ èyí tó kọ. Ọ̀rọ̀ yín ni mo gbọ́.”

Màmá ní kí Fẹ́mi gbé ẹ̀rọ sílẹ̀. Baba náà gbọ́ orin ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ojúde ara rẹ̀, àgbò ń ké, àwọn ará ilé sì ń yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tó parí, ó tẹ orí ba. Ó ní ohùn ìyá òun ló wà lẹ́nu ọmọ náà, òun kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé òun ti ránṣẹ́ sí àbúrò òun, àyè ti ṣí sílẹ̀ dè é, kò sì sí ilé-iṣẹ́ kankan tó ń pè é mọ́. Kí ni òun máa dá a dúró fún? Màmá dìde, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. 

Múfú sìn wá dé ẹ̀bá títì. Màmá dúró, wọ́n wò ó lójú, wọ́n sì wí ohun tí n kò gbọ́ kí àgbà kan wí fún ọ̀dọ́ rí nígbà ayé mi: “Mo jẹ̀bi rẹ, ọmọ mi.” Ọmọkùnrin náà kò mọ ibi tó máa kó ojú sí. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní, “Àwọn tó bú orin mi pọ̀, Màmá. Ẹ̀yin nìkan lẹ wá.”

Nígbà tí a délé, Màmá mú ewé inú páálí náà jáde. Mo na rọ́bà ìpàwérẹ́ sí wọn, mo rò pé wọ́n fẹ́ pa gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ́ ni. Wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Fi í sílẹ̀,” ni wọ́n wí. “Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé mo ṣàṣìṣe, kó rí i kà.” Wọ́n kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀: “Bátìrì mi ló ń wọ́ ẹsẹ̀. Fún ẹni tó ti gbàgbé bí ó ṣe ń sáré ní kékeré. Kó gbọ́ ọ láàárọ̀. Àbùkù rẹ̀: ó tètè parí.” Wọ́n tún fọwọ́ sí i.

Láti Sátidé tó tẹ̀lé e lọ, irin ni Màmá máa ń kọ́kọ́ gbá mọ́ orúnkún kí orin kankan tó dún ní pálọ̀ Àgùdà. Wọn kò sì sá bátìrì sóòrùn mọ́.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni Màmá Àgbà sùn tí wọn kò jí. Múfú wọ ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá síbi ìsìnkú wọn, ó sì wọ bàtà tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà wà lọ́dọ̀ mi, pẹ̀lú ewé inú rẹ̀. Iná Orí Omi kò ṣe èkejì.